Ehoro àwọn ọmọ mi ń sín, imú rẹ̀ ń ṣe ikun: ṣé kí n fún un ní kápúsù ni?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ ehoro kan. Àwọn ìbejì mi ló ni ín, funfun ni, ojú rẹ̀ pupa, Ṣúgà ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ló ti ń sín. Mo kọ́kọ́ rò pé eruku ni, torí ẹ̀yin náà mọ bí ìgboro wa ṣe máa ń rí lásìkò yẹn, ẹṣin, ìbọn, mọ́tò, àlejò kún ilé títí dé kọ́rídọ̀, àwọn ọmọ àlejò ń gba ehoro lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru. Àlejò ti lọ, òjò ti pa eruku, òun ṣì ń sín. Kì í sì í ṣe ẹyọ kan o, á máa sín tẹ̀lé ara wọn, ṣíì ṣíì ṣíì, á wá fi ọwọ́ iwájú nu imú. Ní báyìí imú yẹn ti ń ṣe ikun funfun tó ki díẹ̀, irun inú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀, ojú òsì ń ṣomi. Tó bá sùn mo máa ń gbọ́ tí nǹkan ń dún họ́họ́ nímú rẹ̀. Ó ṣì ń jẹ ewé ọ̀dùnkún dáadáa, àmọ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ ehoro tí mo máa ń rà, á kàn gbóòórùn rẹ̀, á kẹ̀yìn sí i.

Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní kí n já Ampiclox kí n da ìdajì sínú omi rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fi Robb pa á nímú. Ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ nítòsí wa ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ehoro, adìyẹ lòun mọ̀, òtítọ́ tó sọ yẹn tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo ẹ̀? Àwọn ọmọ yìí ń bi mí pé ṣé Ṣúgà máa kú ni, mi ò mọ èsì tí mo máa fún wọn.

Àgbẹ̀ Ìpẹru

Màámi, ẹ má fún un ní Ampiclox o! Ẹ bá mi gbé kápúsù yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Ampicillin àti cloxacillin ló wà nínú ẹ̀, àwọn àti amoxicillin, ẹbí penicillin ni gbogbo wọn, tí wọ́n bá gba ẹnu ehoro wọlé wàhálà ló dé yẹn. Inú ehoro kún fún àwọn kòkòrò rere tó ń bá a da koríko, oògùn yẹn á pa wọ́n, àwọn burúkú tó ṣẹ́kù á wá gba gbogbo ilé, wọ́n á máa tú májèlé sínú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ẹran á sì lọ. Lincomycin àti clindamycin náà bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń bí mi nínú nípa ẹ̀ ni pé kì í pa á lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, gbogbo èèyàn á wá máa sọ pé kata ló pa á. Dókítà ẹran lè gún ehoro ní penicillin lábẹ́rẹ́, ìyẹn yàtọ̀, kò gba inú kọjá, àmọ́ iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tèmi tìyín.

Robb náà, rárá o. Ehoro kì í fi ẹnu mí bíi tiwa, imú nìkan ló ní. Ẹ wá lọ fi nǹkan tó ń ta èèyàn lójú dí ihò imú méjèèjì, kó wá gba ibo mí? Tó bá tún fi ọwọ́ nù ún, á lá a.

Ọmọ Aláre

Ehoro! Láàárín Ìjẹ̀bú! Ìyá Ìbejì, ata rodo mélòó ló kù nílé 😂😂 ẹ má bínú o, mò ń ṣeré ni

Àgbẹ̀ Ìpẹru

@Ọmọ Aláre, àwọn ọmọ lè máa ka nǹkan yìí o. Ìwọ lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ẹ.

Fẹ́ẹ̀tì Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bẹ́ ẹ ṣe to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ yìí dáa gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn kọ "ehoro mi ò gbádùn", wọ́n á lọ sùn.

Ikun funfun, sísín, irun ọwọ́ tó lẹ̀ pọ̀, snuffles la máa ń pè é. Irun ọwọ́ yẹn gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ehoro a máa nu imú rẹ̀ nù mọ́nránmọ́nrán kéèyàn tó dé ìdí kéèjì, á dà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, àmọ́ ọwọ́ ò lè purọ́. Kòkòrò tó sábà ń fà á ni Pasteurella multocida, òun nìkan kọ́ o, Bordetella wà níbẹ̀, Staphylococcus wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ehoro tó ń fò kiri tó ń jẹun ló ní Pasteurella nímú láti kékeré, ara ìyá wọn ni wọ́n ti kó o, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí agbára ara wọn bá dínkù ló máa ń dìde. Torí náà Ojúde Ọba tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn, kì í ṣe eruku nìkan. Ehoro tí ìbọn ń dún sí létí, tí àjèjì ọmọ ń gbé sókè gbé sílẹ̀, tí kò rí ibi fara pa mọ́ sí, ìdààmú yẹn nìkan tó láti ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn.

Kí n tó dá oògùn lórúkọ, ẹ bá mi wo nǹkan díẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ ka bó ṣe ń mí fún ìṣẹ́jú kan, ẹ má wo imú o, imú ehoro kì í sinmi, ìhà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò bó ṣe ń lọ sókè sódò. Tó bá wà láàárín 30 sí 60, kò tíì burú. Ẹ má torí pé ara rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ yín sọ pé ibà ni, ara ehoro tó dá ṣáṣá máa ń wà ní 38.5 sí 40 lórí tẹmomítà, tó bá jẹ́ èèyàn ni ẹ ti máa gbé e lọ sọ́síbítù. Ẹ fi ọwọ́ tọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá nǹkan kan wú níbẹ̀. Ẹ wo etí, ẹ wo bóyá ọrùn rẹ̀ ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí àrùn yìí mọ ọ̀nà tó ti inú imú wọ inú etí. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀, ṣé ó ṣì pọ̀, ṣé ó ṣì tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún mi ibi tí kéèjì wà àti nǹkan tó yí i ká.

Èyí tí kò gba ká máa kọ ọ̀rọ̀ síbí rárá: tẹ́ ẹ bá rí i tó gbé orí sókè tó ya ẹnu, tó ń fi ẹnu mí, tàbí tí ètè àti èrìgì rẹ̀ ń dúdú bí aró, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń fà wọlé gidi kó tó rí èémí mí, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Tí kò bá tún jẹun rárá fún bíi wákàtí 12 náà, ẹ má dúró. Inú ehoro ò gbọdọ̀ dúró láìṣiṣẹ́, tó bá dúró, ìyẹn lè pa á kí kata tó pa á.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo kà á, ó ń lọ bíi 52. Kò sí nǹkan tó wú, ọrùn ń bẹ bó ṣe yẹ, ìgbẹ́ pọ̀ àmọ́ ó kéré díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ lójú tèmi. Kò fi ẹnu mí.

Ẹ̀yìnkùlé ni kéèjì wà, lábẹ́ páànù, pákó ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo máa ń da ìyẹ̀ pákó tí wọ́n ń kó wá láti sọ́mìlù Ìjẹ̀bú-Igbó sí i kó lè fa ìtọ̀. Láti ìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ la ti fi tapólì bò ó yípo lálẹ́ kí òtútù má bàa mú un. Ìyá ọkọ mi ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́ o, àmọ́ tí wọ́n bá ti dáná, ẹ mọ̀ pé wọn ò ní ṣíwọ́ bọ̀rọ̀. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì máa ń tán, tó bá tán mo máa ń bù nínú growers mash àwọn adìyẹ fún un.

Ìyá Onípẹ́ẹ̀nì, Ṣágámù

Àǹtí, ẹ̀ẹ́ rí ìdáhùn yín níbi tẹ́ ẹ dé yìí. Ẹ lọ síbi kéèjì yẹn láàárọ̀ kí ẹ tó ká tapólì, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé imú yín sísàlẹ̀ níbi tí imú ehoro máa ń wà, ẹ fa èémí sínú. Tí ojú yín bá ta, òun ni ehoro yín ń mí látàárọ̀ dalẹ́. Ìtọ̀ ehoro le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀, ammonia, ń bó inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun wọn, nígbà tí inú imú bá ti ṣí, kòkòrò ò ní ṣiṣẹ́ púpọ̀ mọ́ kó tó wọlé. Àwa tá a dúró lókè a ò ní gbóòórùn ẹ̀, àá máa sọ pé kéèjì wa mọ́.

Tapólì yẹn ló wá sé gbogbo ẹ̀ mọ́bẹ̀. Ehoro ò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù òtútù ilẹ̀ wa, òjò tó ń pa á lára àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba orí rẹ̀ tààrà ló ń bà á jẹ́, ooru sì burú fún un ju òtútù lọ. Ẹ bò ó lápá ibi tí òjò ti ń wá nìkan, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ méjì sílẹ̀. Pákó tó wà nísàlẹ̀ ń mu ìtọ̀, bó ṣe wù kẹ́ ẹ gbá a tó kò ní jáde, ẹ yọ ọ́, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin kékeré rọ́pò rẹ̀ kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ máa já sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi pákó kékeré kan sí igun kan tó máa máa jókòó sí kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa bó. Àwọn kan nílùú yìí tiẹ̀ ń gba ìtọ̀ yẹn sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́.

Ìyẹ̀ pákó, ẹ kó o dànù. Ó kúná jù, tí ehoro bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí ó ti fò wọ imú. Koríko gbígbẹ ló dáa, tí kò bá sáà ti hu. Growers mash náà, ìyẹ̀fun ni, á máa jẹ á máa fà á símú. Ká tiẹ̀ yọ ti eruku kúrò, àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ nítorí coccidiosis, àrùn ìfun adìyẹ, tí ara ehoro ò gbà, salinomycin wà lára wọn, ẹ wò ó lára àpò. Tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì bá tán, koríko àti yúnyun tó fún un títí ẹ máa fi rówó ra òmíì.

Ti èéfín gàrí, ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín lẹ jọ máa yanjú ẹ̀ o, mi ò sí níbẹ̀.

Ọkùnrin Òde-Rẹ́mọ

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo gbọ́ pé àrùn kan pa ehoro púpọ̀ ní 2020, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú wọn, ṣé kì í ṣe òun ló ti padà dé yìí? Torí èmi náà ní márùn-ún nílé, mi ò fẹ́ àṣejù kankan.

Fẹ́ẹ̀tì Rẹ́mọ

Rárá, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. RHD (rabbit haemorrhagic disease) lẹ ń sọ, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1984, òótọ́ ni pé ó wọ Nàìjíríà ní 2020 ó sì ṣe àwọn àgbẹ̀ léṣe. Àmọ́ ìyẹn kì í sín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà, ehoro tó jẹun lálẹ́ lè kú kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ lè wà nímú, àwọn míì á kú láìsí àmì kankan rárá. Kò ní oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ní, kì í sì í ran èèyàn. Tẹ́ ẹ bá rí méjì mẹ́ta tó kú lójijì nínú márùn-ún yín, ẹ pe àwọn dókítà ẹran ìjọba, kẹ́ ẹ má sì gbé òkú ẹ̀ kiri. Ti Ṣúgà kọ́ nìyẹn.

Ẹ padà wá, Ìyá Ìbejì. Ìyá Onípẹ́ẹ̀nì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi, gbogbo ohun tó sọ nípa kéèjì ni kẹ́ ẹ ṣe, lónìí pàápàá. Mo ti rí ehoro tí wọ́n fún ní oògùn títí tí wọ́n sì dá a padà sínú òórùn ìtọ̀ kan náà, owó lásán ni wọ́n ń ná. Àmọ́ tiyín ti kọjá èyí tí afẹ́fẹ́ nìkan máa wò, ikun tó ti funfun tó ti ki, oògùn ló máa gbà. Enrofloxacin wà, trimethoprim-sulfa wà, àwọn yìí la sábà ń lò fún ehoro, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró torí pé ó ti ń fò. Ẹ má torí pé mo dárúkọ enro kẹ́ ẹ lọ ra tàwọn adìyẹ wá o, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi adìyẹ yẹn le gan-an, tẹ́ ẹ bá fún un bó ṣe wà á bó o lẹ́nu, ìwọ̀n ara rẹ̀ la fi ń ṣírò ẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé e sórí ìwọ̀n.

Ojú kan ṣoṣo tó ń ṣomi yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án. Eyín ehoro kì í yéé hù, gbòǹgbò àwọn ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè gùn wọ òkè títí táá fi fún ọ̀nà tí omijé ń gbà bọ́ sínú imú pa. Ehoro tí kò jẹ koríko tó, tí ewé rírọ̀ àti mash nìkan ń wọ ẹnu rẹ̀, eyín rẹ̀ ò ní rí nǹkan lọ̀. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó kẹ̀yìn sí nígbà tó ń jẹ ewé, ó lè jẹ́ pé kata ò jẹ́ kó gbóòórùn, ó sì lè jẹ́ pé eyín ń dùn ún, mi ò lè rí i láti ibí. Dókítà á wo inú ẹnu, ó ṣeé ṣe kó fi abẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu fọ ọ̀nà omijé yẹn, ó sì lè fi òwú gba nǹkan látinú imú lọ yẹ̀ wò kó lè mọ oògùn tó máa pa kòkòrò yẹn gan-an.

FUNAAB ní ilé ìwòsàn ẹran l'Abẹ́òkúta, Yunifásítì Ìbàdàn náà ní, ìkan tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi òwú tútù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nu ikun kúrò nímú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ihò imú lè ṣí. Ẹ má rọ omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu pẹ̀lú ipá, fùkù ni yóò gbà lọ, ìyẹn ló ń di otútù àyà táwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Kí àwọn ìbejì fọ ọwọ́ tí wọ́n bá ti gbé e, tí ehoro míì bá wà lágbègbè, wọn ò gbọdọ̀ jọ mu omi kan náà.

Kí n má tàn yín o, ó lè lọ kó tún padà lọ́jọ́ míì tí ìdààmú bá dé. Kì í ṣe pé oògùn ò ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí bí Ìyá Onípẹ́ẹ̀nì ṣe wí. Ojú mi ta gidi! Bàbá ìbejì náà ò gbà, òun náà kúnlẹ̀, ó dìde kíá, ó lọ wá ẹni tó ń jó irin fún nẹ́ẹ̀tì. Ìyá ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó máa gbé ààrò òun kúrò nítorí ehoro, pé ehoro ni kó kó lọ, la bá gbé kéèjì lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lápá kejì.

Abẹ́òkúta la ti pinnu láti lọ lọ́jọ́ Thursday. Báwo ni mo ṣe máa gbé e? Ṣé apẹ̀rẹ̀ á ṣe é? Ṣé kí n má fún un lóúnjẹ kó má bàa bì lọ́nà?

Fẹ́ẹ̀tì Rẹ́mọ

Ehoro kì í bì mà, ẹ fún un lóúnjẹ, kódà ẹ kó koríko àti ewé ọ̀dùnkún dání kó máa jẹ lọ. Apẹ̀rẹ̀ oníke tí wọ́n fi ń kó tòmátò, èyí tó ní ihò yípo, dáa, ẹ tẹ́ aṣọ síbẹ̀ kó má máa yọ̀, ẹ wá nǹkan fi dé orí rẹ̀. Ẹ má fi sínú búùtù. Ẹ gbéra ní kùtù, kí oòrùn má bá yín lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Sìun, torí ehoro kì í làágùn, etí ló fi ń tú ooru dànù, tí inú mọ́tò bá ti lé ní 30 á bẹ̀rẹ̀ sí mí fọ́ọ́fọ́ọ́, pẹ̀lú imú tó dí yẹn kò ní rọrùn fún un rárá. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó dín rédíò kù.

Kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lálẹ́ nígbà tó bá ń sín àti nígbà tí imú rẹ̀ bá ń dún lójú oorun. Tí ehoro bá ti dé iwájú àjèjì, á ká ara rẹ̀ kò, kò ní sín ẹyọ kan, dókítà á máa wò yín lójú.

Àgbẹ̀ Ìpẹru

Ẹ gé àmì ara àpò mash yẹn dání náà o, kí wọ́n lè rí nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ fún un ní kápúsù lọ́nà, ẹ kí i pé ó káre.